Bí mo ṣe kọ́ ẹ̀sìn Iná Àyálò fún eré RPG wa, láti ìpìlẹ̀ dé orí tábìlì

Ìṣòro tó bí iṣẹ́ náà

Eré RPG ni eré tí àwọn èèyàn ń jókòó yí tábìlì ká ṣe: ẹnì kan ń darí ìtàn, olúkúlùkù àwọn yòókù ń mú ẹ̀dá-ìtàn kan tó ń ṣe ìpinnu fún, wọ́n sì ń ju dáìsì. Ayé àròsọ tí à ń lò fún eré wa ti ní òrìṣà méjìlá tẹ́lẹ̀. Olúkúlùkù ló ní orúkọ, àmì àti ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀: ti ogun, ti òkun, ti ìkórè, ti ikú. Lórí ìwé, ó pé. Lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ń rántí wọn. Ẹni tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ jẹ́ àlùfáà a máa dárúkọ òrìṣà rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wo ẹni tó fara pa sàn, ó parí síbẹ̀. Nígbà tó wá bi mí pé kí ni àlùfáà òun máa ń ṣe tó bá jí láàárọ̀, kò sí ìdáhùn kankan nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀.

Ẹni tó ń darí irú eré yìí ni mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún, ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀sìn inú ayé rẹ̀ máa yí ìpinnu àwọn òṣèré padà. Èrò mi kò fi bò: èèwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Òrìṣà lè tẹ̀ lé e.

Ohun èlò

Ìwé àkọsílẹ̀ kan, pẹ́ńsùlù, ìrésà, káàdì pélébé tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, dáìsì olójú 6 àti olójú 20, àti máàpù ayé eré wa. N kò lo kọ̀ǹpútà rárá fún iṣẹ́ yìí. Ohun tó bá wà lórí káàdì, mo lè yọ́ ọ sí ẹnì kan lọ́wọ́ kí àwọn yòókù má rí i, ìyẹn sì wúlò gan-an nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́.

Ìpele 1: Ilẹ̀

Mo ti òrìṣà méjìlá yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé máàpù síwájú. Àríwá ni àwọn òṣèré wà nígbà náà, nínú àfonífojì kan tó ń jẹ́ Mẹ̀lúkà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wa bàbà nínú ilẹ̀. Ìbéèrè tí mo kọ sókè ojú ìwé ni pé: kí ni ará ibẹ̀ ń bẹ̀rù tí agbára rẹ̀ kò ká? Àfonífojì náà jìn, òkè gàgàrà sì wà ní gúúsù rẹ̀. Tí ìgbà òtútù bá dé, oòrùn á rẹlẹ̀ lójú ọ̀run, òkè á sì dí i pa. Mo fi 90 ọjọ́ sí i, 90 ọjọ́ tí ilẹ̀ ń mọ́ ṣùgbọ́n tí ìtànṣán oòrùn kì í kan orí òrùlé ẹnikẹ́ni.

Irú ibẹ̀ wà láyé tòótọ́. Ìlú Rjukan ní Norway wà nínú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹta, oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ ìlú náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé dígí ńláńlá sórí òkè lọ́dún 2013 kó máa da ìtànṣán sí gbàgede. Àwọn ará Mẹ̀lúkà kò ní dígí, iná nìkan ni wọ́n ní. Bí mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀sìn iná ni yóò jẹ́ nìyẹn, pé ohun tí wọ́n sì ń bẹ̀rù jù ni kí iná kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí oòrùn kò sí.

Ìpele 2: Kíkó ohun gidi jọ

Kí n tó dá ohunkóhun sílẹ̀, mo kọ ohun tí mo mọ̀ nípa bí àwọn èèyàn gidi ṣe ń bá iná mímọ́ lò, káàdì kan fún ohun kan.

Ní Róòmù àtijọ́, obìnrin mẹ́fà ló ń tọ́jú iná Vesta, òrìṣà ààrò, ọgbọ̀n ọdún sì ni ẹ̀jẹ́ wọn. Tí iná náà bá kú mọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, wọ́n á nà án, igi ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ra igi títí iná tuntun á fi yọ. Àwọn Aztec ní Mẹ́síkò máa ń pa gbogbo iná ìlú lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 52. Àwọn àlùfáà á gun òkè lọ wo ìràwọ̀ lóru. Tí ìràwọ̀ bá ti kọjá ibi tí wọ́n ń wò, ayé kò ní parí nìyẹn, wọ́n á tan iná tuntun, wọ́n á sì pín in láti orí òkè dé gbogbo ilé. Ọdún 1507 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Àwọn ẹlẹ́sìn Zoroaster, ẹ̀sìn àtijọ́ kan tó ti ilẹ̀ Persia wá, ṣì wà títí dòní. Àlùfáà wọn máa ń fi aṣọ funfun bo ẹnu àti imú tó bá dúró níwájú iná, kí èémí èèyàn má bàa sọ ọ́ di aláìmọ́. Iná tó ga jù nínú tẹ́ńpìlì wọn, láti orísun 16 ni wọ́n ti ń kó o jọ, iná tí mànàmáná dá sì wà lára wọn.

Ti ìtàn ìwáṣẹ̀ wá ńkọ́? Prometheus ti àwọn Gíríìkì jí iná gbé lọ́wọ́ àwọn òrìṣà fún ọmọ èèyàn. Māui ti àwọn ará Polynesia lọ bá Mahuika, òrìṣà tí iná wà ní èékánná rẹ̀, ó ń fi ẹ̀tàn gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ ní èékánná kọ̀ọ̀kan. Olè àti ẹ̀tàn ló kún inú wọn. Mo fi èyí sọ́kàn fún ìgbà pípẹ́, nítorí mo rí i pé olè jíjà kì í wúlò tó fún eré. Ẹni tó jalè ti jà á, wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Gbèsè yàtọ̀. Gbèsè a máa rìn láti ìran dé ìran, ẹni tó jogún iná náà ti jogún rẹ̀. Nítorí náà, wọn kò jí iná Mẹ̀lúkà, wọ́n yá a ni. Ìpinnu yìí ló gbé gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Ohun kan tí mo dúró lé lórí: ọ̀nà tí nǹkan ń gbà ṣiṣẹ́ ni mo ń mú, n kì í mú orúkọ. Ẹ̀sìn tí àwọn èèyàn ṣì ń kúnlẹ̀ fún kì í ṣe ohun ìṣeré lọ́wọ́ mi, n kò sì fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó sí tábìlì wa gbọ́ orúkọ ohun tí ìdílé rẹ̀ ń bọ lẹ́nu ẹ̀dá burúkú kan nínú eré.

Ìpele 3: Èèwọ̀

Inú eré fúnra rẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó là mí lójú jù ti wá. Nígbà tí eré RPG tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons jáde lọ́dún 1974, oríṣi ẹ̀dá-ìtàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ fún èèyàn láti mú: jagunjagun, oṣó àti àlùfáà. Wọ́n fi òfin kan de àlùfáà: kò gbọ́dọ̀ lo ohun ìjà olójú mímú. Gbólóhùn kan péré ni. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí wọ́n bá rí idà iyebíye nínú ìṣúra, ẹni tó mú àlùfáà ní láti rántí ẹni tó jẹ́. Òrìṣà méjìlá mi kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ èèwọ̀ bíi márùn-ún sílẹ̀ fún Mẹ̀lúkà, mo sì fi ìbéèrè mẹ́ta yẹ̀ wọ́n wò. Ṣé yóò yọjú ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan? Ṣé èèyàn lè rú u tó bá le koko? Ṣé ẹni tó pa á mọ́ yóò pàdánù nǹkan? Èèwọ̀ oúnjẹ ṣubú ní ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí pé lórí tábìlì wa ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ jẹ. Èèwọ̀ aṣọ ṣubú ní ìkẹta. Èyí tó ní kí wọ́n má wo ojú òkè nígbà òkùnkùn dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń mú ẹnikẹ́ni wo òkè. Méjì ló kù:

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu fẹ́ iná pa. Bò ó, da iyẹ̀pẹ̀ sí i, jẹ́ kó jó tán, ṣùgbọ́n má fẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá bu iná lọ́dọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi ìdógò sílẹ̀ síbẹ̀, ohun tirẹ̀ tí yóò dùn ún tí kò bá rí i mọ́.

Ìkejì yìí ni ọkàn ẹ̀sìn náà. Bí ó ṣe ṣiṣẹ́ rèé. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré mú awakùsà ọmọ Mẹ̀lúkà. Wọ́n wà nínú ihò kan tí omi ti ń wọlé, fìtílà rẹ̀ kú, àjèjì kan tó ní ògùṣọ̀ sì dúró lókè àtẹ̀gùn. Àwọn yòókù ní kó tan tirẹ̀ kíákíá kí wọ́n máa lọ. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó yọ ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ohun ìjà kan ṣoṣo tó ní, ó gbé e lé ẹsẹ̀ àjèjì náà, ó wá tan fìtílà. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ tí nǹkan sì kọlù wọ́n, òkúta ló fi jà. Kò sí ẹni tó fipá mú un. Látọjọ́ náà, gbogbo wọn ti ń bi ara wọn léèrè pé kí làwọn ní lára tó tó fi ṣe ìdógò, kódà àwọn tí ẹ̀dá wọn kò gba ẹ̀sìn náà gbọ́.

Ìpele 4: Orúkọ

Èyí kò gba àkókò. Òfin mi ni pé tí èèyàn bá gbọ́ orúkọ lẹ́ẹ̀kan, kó lè pè é láì wo ìwé. Sílébù mẹ́ta, ó pọ̀ jù mẹ́rin. Ẹni tó lọ yá iná náà lọ́wọ́ Oòrùn ń jẹ́ Yérùmà. Oòrùn kò ní orúkọ mìíràn, Oòrùn náà ni.

Ìpele 5: Ìtàn kan, ẹnu méjì

Ìtàn tí mo kọ́kọ́ kọ gùn, ó lẹ́wà, gbogbo ohun tó yẹ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kà á síta lórí tábìlì, ojú àwọn òṣèré kúrò lára mi kí n tó dé ìdajì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ara ìṣòro, ṣùgbọ́n ohun tó tóbi jù ni pé ó ti pé. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè fi ìka tọ́ ká jọ jiyàn lé e lórí.

Ìtàn gidi kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì kò fi ẹnu kò lórí ìbí Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́ wọn. Akéwì méjì ló sọ ọ́: Homer ní ọmọ Zeus àti Dione ni, Hesiod ní inú ìfóófò òkun ló ti jáde. Àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo wá gé ìtàn mi sí méjì, mo fi òté lé e pé èyíkéyìí nínú wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá ojú káàdì kan, mo sì gbé ìkọ̀ọ̀kan fún ẹni tó máa jèrè tí wọ́n bá gbà á gbọ́.

Káàdì tẹ́ńpìlì: “Nígbà tí òtútù fẹ́ pa àwọn ọmọ Mẹ̀lúkà tán, Yérùmà gun òkè lọ bá Oòrùn. Ó ní, Yá mi ní iná, òru kan péré ni. Oòrùn gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Yérùmà wo àwọn ọmọ tó sùn yí iná ká, ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti gbé e kúrò. Ó fọwọ́ ti òkè dí ojú Oòrùn kó má bàa rí wa. Láti ọjọ́ náà la ti jẹ gbèsè. Àwa àlùfáà là ń tọ́jú ìdógò yín títí ọjọ́ ìsanwó.”

Káàdì àwọn awakùsà: “Yérùmà kò dalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé iná, ó ń dá a padà lọ. Òkè ya lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gba abẹ́ ilẹ̀, ó ṣìnà, ó ṣì ń rìn níbẹ̀. Bàbà tí à ń wà, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Lọ́dọọdún, Oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ wá a kiri fún 90 ọjọ́. Ẹ gbé fìtílà sẹ́nu ihò kó lè rí ọ̀nà jáde.”

Ẹ wo ohun tó ti ara méjèèjì jáde. Lójú tẹ́ńpìlì, ẹni tó gbé fìtílà sẹ́nu ihò ń ṣọ̀tẹ̀ sí gbogbo ìlú, nítorí pé tí Yérùmà bá jáde, yóò dá iná padà, iná gbogbo ilé á sì kú lọ́jọ́ kan náà. Lójú awakùsà, ọjọ́ tó bá jáde ni gbèsè parí, oòrùn kò sì ní lọ mọ́. Fìtílà kékeré kan lẹ́nu ihò ti di ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ pààyàn, n kò sì ní láti ṣàlàyé púpọ̀.

Èwo ló jẹ́ òtítọ́? N kò kọ ọ́ síbì kankan, n kò sì pinnu rẹ̀ nínú ọkàn mi pàápàá. Tí adarí eré bá ti mọ ìdáhùn, àwọn òṣèré á gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

Mo wá so ìtàn náà mọ́ ilẹ̀. Lójú ọ̀nà òkè, àpáta kan wà tí àtẹ́lẹwọ́ òsì jó wọ̀ ọ́ lára, ó jìn tó kí omi òjò dúró nínú rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì kọjú sísàlẹ̀. Tẹ́ńpìlì ní ibẹ̀ ni Yérùmà ti ti òkè. Awakùsà ní ibẹ̀ ló gbá mú nígbà tí òkè ń ya, nítorí ẹni tó bá ń ti nǹkan, ìka rẹ̀ máa ń kọjú sókè. Àlùfáà kan fèsì pé ẹni tó bá ń ti nǹkan láti orí rẹ̀ ńkọ́? Àwọn òṣèré dìde lórí ìjókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ti ògiri wò. Ohun tí ìtàn gígùn àkọ́kọ́ yẹn kò lè ṣe nìyẹn.

Ìpele 6: Ohun tí àlùfáà ń ṣe láàárọ̀

Ìdáhùn ti wà wàyí. Ó ń ṣí eérú kúrò lórí ẹyin iná, ó ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọ Ilé Ìdógò lọ ka ohun tó wà níbẹ̀: òrùka, bàtà ọmọdé, ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, eyín wúrà. Lẹ́yìn náà ló ń ka ìlà mẹ́rin yìí, èyí tí gbogbo ọmọ Mẹ̀lúkà máa ń sọ tí wọ́n bá ń tan iná:

Iná tí mo tàn, tèmi kọ́.
Mo yá a ni, mo sì mọ̀.
Ẹni tó ni ín kò tíì béèrè;
Ọjọ́ tó bá béèrè, yóò bá mi nílé.

Mo kọ ọ́ sórí káàdì fún àwọn tó nílò rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àdúrà kọjá ìlà mẹ́rin. Èyí tó bá gùn, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ nígbà tí ogun bá gbóná.

Ìpele 7: Òfin dáìsì

Ìbẹ̀rẹ̀ kò dára. Mo ní kí ẹni tó bá rú èèwọ̀ máa yọ 2 kúrò nínú gbogbo dáìsì tó bá jù títí yóò fi ṣe ètùtù. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹni tó fẹ́ mú ọmọ Mẹ̀lúkà yí padà, ó mú àjèjì. Ẹ̀sìn tó jẹ́ ìyà nìkan, èèyàn á sá fún un.

Èyí tí à ń lò báyìí rèé. Ẹni tó bá rú ọ̀kan nínú èèwọ̀ méjèèjì fa ilà kan sórí káàdì rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 90 ọjọ́ òkùnkùn, nígbàkigbà tí ìgbé ayé rẹ̀ bá dúró lé iná kan, yóò ju dáìsì olójú 20. Tí ohun tó jáde kò bá ju iye ilà rẹ̀ lọ, iná náà kú. Ẹni tó ní ilà mẹ́ta ń bá ewu 15 nínú 100 rìn: kò pọ̀ jù, kò sì ṣeé gbàgbé.

Èrè rẹ̀ ni pé ẹni tó fi ìdógò sílẹ̀ nídìí iná kan mọ ibi tí iná náà wà, bó ti wù kó jìnnà tó, títí iná náà yóò fi kú. Awakùsà tó fi ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lo èyí láti tọ ipa àjèjì náà láti ìhà kan àfonífojì dé ìkejì. Láti ìgbà yẹn ni àwọn òṣèré ti ń fi ìdógò sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n, èmi náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí onígbàgbọ́ gidi a máa mọ ìwúlò ẹ̀sìn rẹ̀.

Fún dáìsì olójú 6, mo kọ ohun tí àlùfáà lè béèrè fún ètùtù kí wọ́n tó pa ilà kan rẹ́. Ó kéré jù: tọ́jú iná arúgbó kan di òwúrọ̀. Ó tóbi jù: mú ìdógò ẹlòmíràn padà fún un, kí o sì fi tìrẹ rọ́pò rẹ̀.

Ìpele 8: Ìdánwò lórí tábìlì

Àjọ̀dún ni mo fi dán gbogbo rẹ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá wọ̀ kẹ́yìn, gbogbo iná Mẹ̀lúkà gbọ́dọ̀ kú, tẹ́ńpìlì nìkan ló ń tan tuntun, ilé tó bá sì jẹ ìdógò àná kì í gbà. Ọ̀dọ̀ àwọn Aztec ni mo ti mú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ìbéèrè agbára: ẹni tó ń pín iná ló ń ṣàkóso ìlú. Mo wá fi iná kan tí wọn kò pa rí sí abẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn awakùsà.

Mo retí pé wọn á yan ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àlùfáà wa, ẹni tó bi mí léèrè ìṣe òwúrọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn Ilé Ìdógò lóru àjọ̀dún, ó dá ohun olóhun padà fún gbogbo ìlú, ó sì sọ fún wọn pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi iná fún aládùúgbò rẹ̀, kí ó gba ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní èèyàn ló yẹ ká jẹ ní gbèsè, kì í ṣe tẹ́ńpìlì. Ilà mẹ́fà ló wà lórí káàdì rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn aládùúgbò kan sì ti ń tẹ̀ lé e.

Èyí ti di ẹ̀ya kẹta, wọn kò sì tíì ní ìtàn nípa Yérùmà tó bá ìṣe wọn mu. Mo fún àlùfáà náà ní káàdì òfìfo kan pé kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó má kọjá ojú káàdì, kó sì ṣàlàyé àtẹ́lẹwọ́ orí àpáta yẹn. Tèmi ni láti wá ohun tí tẹ́ńpìlì yóò ṣe: 71 nínú 90 ọjọ́ ṣì kù kí oòrùn tó padà, ọwọ́ wọn sì ti ṣófo.